Ẹ̀tọ́ Ohun Tí A Lọ Wò

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń yá àwa ènìyàn lẹ́nu, òun náà ni pé wíwò kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ohun tí a wò. Ẹni tí ó jẹ nínú oúnjẹ ti dín oúnjẹ kù. Ẹni tí ó gé igi ti mú igi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró wo òdòdó, tí ó wo ẹranko, tí ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kí ni ó mú lọ? Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé ẹni tí ó ń wò kò jẹ ohun tí ó ń wò ní gbèsè kankan. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Ṣé lóòótọ́ ni pé wíwò kì í ṣèpalára? Ǹjẹ́ ohun tí a lọ wò ní ẹ̀tọ́ lórí wa?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ orí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú ibì kan tí ó jẹ́ pé nítorí wíwò ni èrò ṣe ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Rocky Mountain National Park, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ààrẹ Woodrow Wilson ni ó fọwọ́ sí òfin tí ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1915. Òkè tí ó ga jù nínú rẹ̀, Longs Peak, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 14,259. Ní ọdún 1932 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Trail Ridge Road, tí ó gun òkè náà dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 12,183. Nípa bẹ́ẹ̀, arúgbó àti ọmọ ọwọ́ lè jókòó sínú ọkọ̀ kí wọ́n dé ibi tí ó jẹ́ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gidigidi nìkan ni ì bá dé e. Àlejò kò gbọdọ̀ dọdẹ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ já òdòdó. Ó lọ wò ni. Ní ọdún 2019, iye ìgbà tí ènìyàn wọ ọgbà náà lé ní 4,600,000.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òdòdó. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọgbà náà ni ó ga kọjá ibi tí igi lè hù dé. Lókè lọ́hùn-ún, atẹ́gùn le, òtútù mú, yìnyín lè bọ́ ní ọjọ́ èyíkéyìí nínú ọdún, àsìkò tí ewéko sì rí láti fi dàgbà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá lọ. Síbẹ̀, bí oṣù kẹfà bá ń parí lọ, tí oṣù keje ń wọlé, ilẹ̀ náà á kún fún òdòdó wẹ́wẹ́, àwọn kan pupa, àwọn kan ní àwọ̀ aró, àwọn kan sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní moss campion. Ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ìrọ̀rí kékeré, nítorí pé ohun tí ó bá gbérí sókè níbẹ̀, atẹ́gùn kò ní jẹ́ kí ó pẹ́. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, gbòǹgbò ni ó ń ta sísàlẹ̀. Ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó tan òdòdó dáadáa. Òmíràn wà tí òdòdó rẹ̀ tóbi, tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, tí irun wẹ́wẹ́ bo ara rẹ̀ nítorí òtútù. Bàbá arúgbó orí òkè ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó fi ń kó agbára jọ. Lẹ́yìn náà, á tan òdòdó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á so irúgbìn, á sì kú.

Ẹ wá ro ẹsẹ̀ ènìyàn lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko, Beatrice Willard, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó sọgbà yí àwọn apá ilẹ̀ kéékèèké kan ká, kí ẹsẹ̀ àlejò má baà dé ibẹ̀ mọ́, kí ó lè mọ iye àkókò tí ilẹ̀ tí ènìyàn ti tẹ̀ yóò gbà kí ó tó padà sípò. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń padà lọ wò ó. Ohun tí ó rí ni pé níbi tí wọ́n ti tẹ ewéko títí tí ó fi kú, tí atẹ́gùn sì gbé iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ, ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ lè kọjá kí ibẹ̀ tó rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ìrìn ìgbádùn ẹ̀ẹ̀rùn díẹ̀ ni ó fà á. Àwọn tí yóò rí àtúnṣe rẹ̀ kò tí ì dáyé.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé nínú gbogbo àwọn tí ó tẹ ibẹ̀, ó ṣòro kí a tó rí ẹnì kan tí ó wá bà á jẹ́. Òdòdó ni wọ́n wá wò. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí òdòdó gan-an ni ó gbé ẹsẹ̀ wọn lé òdòdó lórí. Nítorí náà, a ti rí ìdáhùn kan ná: ojú kì í dá nìkan rìn. Ẹsẹ̀ ni ó ń gbé e lọ, ọwọ́ ń tẹ̀ lé e, ọkọ̀ àti kámẹ́rà náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé wíwò lásán ni òun lọ wò, kí ó ka gbogbo ohun tí ó bá ojú rẹ̀ rìn mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Èmi nìkan ni mo fẹ́ yà síbẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni. Òdòdó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ já fún ìyàwó mi.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ẹnì kan kò lè pa òkè run. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti sọ pé díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìpínlẹ̀ Colorado yìí kan náà, òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní columbine, tí wọ́n sọ di òdòdó ìpínlẹ̀ wọn ní ọdún 1899. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí i pé bí àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn rẹ̀ tó ni wọ́n ń já a tó. Ní ọdún 1925, wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u ti gbòǹgbò ti gbòǹgbò lórí ilẹ̀ ìjọba, kò sì gbọdọ̀ já ju igi òdòdó 25 lọ ní ọjọ́ kan. Nínú ọgbà orí òkè tí à ń sọ yìí, wọn kò gbà kí ènìyàn já ẹyọ kan. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó ṣe òfin 25 ń ro ẹnì kan tí ó ń kọjá lọ, pé mélòó ni ó tó fún un. Ẹni tí ó ní kí a má já ẹyọ kan ń ro gbogbo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìwà rere tí kò bá ro ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà níbẹ̀ tí ó dùn mọ́ wa. Níbi tí èrò pọ̀ sí lórí òkè náà, dandan ni kí ènìyàn rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n là. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí ọ̀nà rárá, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn tí ó bá jọ ń rìn ni pé kí wọ́n má tò tẹ̀ lé ara wọn. Kí wọ́n fọ́nká, kí oníkálùkù máa tẹ orí àpáta bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ìdí ni pé ewéko tí ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lè gbérí padà. Èyí tí ẹsẹ̀ ogún tẹ̀ ní ojú kan ti di ọ̀nà. Àwa tí a mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé àgbájọ ẹsẹ̀ lè ba ohun tí ẹsẹ̀ kan kò lè bà jẹ́. Nígbà mìíràn, ohun tí ó tọ́ ni pé kí a rìn pọ̀. Nígbà mìíràn, kí a túká. Ọgbọ́n ni ènìyàn fi ń mọ èyí tí ó kàn.

Ó wá ku ti ẹranko. Òdòdó kò lè sá, ṣùgbọ́n ẹranko lè sá, nítorí náà àwọn kan ń rò pé bí ẹranko bá dúró, ó gbà kí a wo òun nìyẹn. Àgùntàn òkè oníwo ńlá kan wà ní àwọn òkè wọ̀nyí, tí ìwo akọ rẹ̀ ká bí ìgbín. Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn onímọ̀ kan fi ẹ̀rọ sí ara irú àgùntàn yìí, ẹ̀rọ tí ń ka bí ọkàn wọn ti ń lù. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1982. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá ń sún mọ́ ẹranko náà, ọkàn rẹ̀ lè máa lù kìkì nígbà tí ó ṣì dúró, tí kò tí ì gbé ẹsẹ̀. Ó máa ń burú jù bí ajá bá tẹ̀ lé ènìyàn náà, tàbí bí ó bá yọ sí i lójijì láti ẹ̀yìn òkè. Ẹni tí ó bá ń ya fọ́tò á ní, “Ẹ wò ó, ara rẹ̀ balẹ̀.” Ara rẹ̀ kò balẹ̀ o. Ìpayà wà nínú rẹ̀, ojú wa ni kò rí i.

Nínú ọgbà Rocky Mountain, àwọn àgùntàn yìí máa ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gba títì kọjá lọ sí etí àwọn adágún kékeré kan láti lá ilẹ̀ tí ó ní iyọ̀, nítorí pé ara wọn nílò rẹ̀ lẹ́yìn ìyà òtútù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà a máa dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ kí àgùntàn lè kọjá. Ènìyàn tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn á dúró, ẹranko á kọjá. Kò sí ohun ìtìjú nínú èyí. Onílé ni ó ń lọ síbi oúnjẹ rẹ̀, àlejò sì ń ya ọ̀nà fún un.

Ẹranko kékeré kan tún wà láàárín àwọn àpáta, tí wọ́n ń pè ní pika, ìbátan ehoro ni, kò sì ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbé lọ. Kì í sun oorun òtútù bí àwọn ẹranko mìíràn. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni ó fi ń gé koríko àti òdòdó, tí ó ń sá wọn gbẹ, tí ó ń kó wọn pamọ́ sí abẹ́ àpáta nítorí ọjọ́ yìnyín. Òdòdó tí ó jẹ́ ẹwà lójú tiwa, àká oúnjẹ ni lójú tirẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé àwọn kò dẹ́rù ba ẹranko, àánú ni àwọn ṣe é. Ọ̀rọ̀ àánú náà nílò àlàyé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ní ọgbà Yellowstone, tí òun náà wà ní Amẹ́ríkà, àwọn àlejò kan rí ọmọ ẹfọ̀n tuntun kan. Wọ́n rò pé òtútù ń mú un, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn olùtọ́jú ọgbà gbìyànjú láti dá a padà sínú agbo, agbo kọ̀ ọ́. Ọmọ ẹran náà kò yé tọ ènìyàn àti ọkọ̀ lọ, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé wọ́n ní láti pa á. Àníyàn àwọn tí ó gbé e dára. A mọ̀ pé àníyàn ni iṣẹ́ fi ń jẹ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, a kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n àníyàn rere kò dá ẹ̀mí ọmọ ẹran náà padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàánú ẹ̀dá kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́ àánú fún ẹ̀dá náà. Bákan náà ni ti ẹni tí ó ń ju búrẹ́dì sí ẹranko kí ó lè sún mọ́ kámẹ́rà rẹ̀. Ó pè é ní ìtọrẹ, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ẹranko náà láti dúró sí etí títì níbi tí ọkọ̀ yóò ti pa á.

Kí ni a rí dì mú nínú ẹ̀sìn wa lórí ọ̀rọ̀ yìí? Nínú Súrà Al-An'am, ní ẹsẹ 38, a rí i kà pé àwọn ẹranko orí ilẹ̀ àti àwọn ẹyẹ tí ń fò jẹ́ ìjọ bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ. Ìjọ ní ilé, ó ní ètò, ó ní ọmọ tí ó ń tọ́. A sì gbọ́ nínú ìtàn Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé nígbà tí àwọn kan nínú àwọn sàábé mú ọmọ ẹyẹ méjì, tí ìyá wọn ń rababa káàkiri, ó béèrè ẹni tí ó fi ọmọ ẹyẹ náà dààmú ìyá wọn, ó sì pàṣẹ kí wọ́n dá wọn padà. Ẹ kíyè sí i pé ìdààmú ìyá ẹyẹ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn tí ó ti ṣe Hájì nínú wa tún mọ òfin ilẹ̀ ọ̀wọ̀ Mẹ́kà. A kò gbọdọ̀ pa ẹran ìgbẹ́ rẹ̀, a kò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀. Èyí tí ó wú wa lórí jù ni pé Ànábì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ lé ẹran ibẹ̀ kí ó ta gìrì. Kì í ṣe pípa nìkan ni a kọ̀ fún wa. Dídẹ́rùbà pàápàá wà nínú èèwọ̀ náà. A kò sọ pé òkè kan ní Amẹ́ríkà jẹ́ ilẹ̀ ọ̀wọ̀ bí Mẹ́kà. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹ̀sìn tí ó kọ́ wa ní ibì kan pé ìbẹ̀rù ẹranko jẹ́ ohun tí a ó kà sí, ó ti fi ojú ọ̀nà hàn wá fún ibòmíràn. Ọkàn àgùntàn tí ń lù kìkì, tí ènìyàn kò rí, Ẹni tí ó dá a rí i.

Ní báyìí, ẹnì kan lè bi wá pé, bí wíwò bá léwu tó báyìí, kí ló dé tí a kò ti ọgbà náà pa kí òdòdó àti ẹranko sinmi? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé ohun tí ènìyàn kò rí rí, ó ṣòro fún un láti gbèjà rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Enos Mills, tí ó kú ní ọdún 1922, ń gbé ní ìsàlẹ̀ Longs Peak, ó sì ń mú àlejò gun òkè náà. Ó kọ ìwé, ó rin ìrìn-àjò, ó sọ̀rọ̀ káàkiri títí ìjọba fi gbà láti pa ibẹ̀ mọ́. Bí ojú rẹ̀ kò bá rí i, ẹnu rẹ̀ kò ní sọ ọ́. Àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní elk pàápàá, ọdẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán ní agbègbè náà kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé. Àwọn ènìyàn ni ó lọ kó òmíràn wá láti Yellowstone ní ọdún 1913 àti 1914. Nítorí pé ìkookò tí ń pa wọ́n jẹ kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n pọ̀ títí tí wọ́n fi ń jẹ àwọn igi kéékèèké etí omi run, tí ó fi di dandan láti ọdún 2008 pé kí a fi wáyà sọgbà yí àwọn igi kan ká. Ìfẹ́ ènìyàn dá ẹranko padà, àìpé ìmọ̀ ènìyàn sì dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀. Bí a kò ṣe lè yọwọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ líle mú un.

Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà láti ọdún 2020 ni pé, ní àsìkò èrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín wákàtí tí ènìyàn lè wọlé, kí gbogbo ayé má baà ya lu òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ìpalára tirẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà, tí ó tètè forúkọ sílẹ̀, á wọlé. Òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó rí gbà nínú oṣù lè dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n dá a padà. A gbà pé ẹ̀tọ́ òdòdó wà, ẹ̀tọ́ tálákà náà sì wà. Ìdájọ́ òdodo ni pé kí a dín iye èrò kù láì sọ òkè di ohun ìní àwọn tí ó rí já jẹ nìkan.

A kò sì ní gbàgbé pé àwọn ènìyàn kan ti ń wo òkè wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní ọgbà. Àwọn Ute àti àwọn Arapaho ni. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, wọ́n ti lé wọn kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1914, wọ́n mú àgbà Arapaho méjì padà wá kí wọ́n wá sọ orúkọ tí àwọn baba wọn ń pe àwọn òkè náà. Ẹni tí ó ń gbádùn ẹwà ibì kan láì béèrè ẹni tí ó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú kan péré ni ó fi ń wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, níbikíbi tí ẹ bá ti bá ẹ̀dá Ọlọ́hun pàdé, ẹ rántí ìwọ̀n tí ó rọrùn yìí. Ẹ na apá yín gbọọrọ, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè, kí ẹ sì di ojú kan. Bí àtàǹpàkò bá bo ẹranko náà tán, ẹ jìnnà tó. Ní ọgbà Rocky Mountain, wọ́n ní kí ènìyàn jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 75 sí elk àti àgùntàn òkè, àti ẹsẹ̀ bàtà 120 sí béárì. Bí ẹranko bá gbórí kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ nítorí yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ rọra padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ̀yin bá yà kúrò lójú ọ̀nà nítorí fọ́tò, ọmọ yín kò ní gbọ́ wáásí tí ẹ bá ṣe fún un lẹ́yìn náà.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé wíwò kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó bá wò ti di àlejò, àlejò sì jẹ onílé ní gbèsè ìwà pẹ̀lẹ́. Bí ẹyẹ kò bá fín ẹyẹ níràn, ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfarakanra. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí ń rí iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀, kí Ó sì fún wa ní ẹsẹ̀ tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró. Àmín.